Ẹ Béèrè Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Béèrè Ẹni Tó Borí

Tíṣà ìtàn ni mí níbí ní Iléṣà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá iṣẹ́ náà bọ̀. Nínú gbogbo ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ, kò sí èyí tí wọ́n fẹ́ràn tó ogun Dàhòmì, ìjọba àtijọ́ kan níbi tí orílẹ̀-èdè Benin wà lónìí. Wọ́n ti wo àwọn obìnrin jagunjagun yẹn nínú fíìmù lórí fóònù ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fò, bí wọ́n ṣe ń ju àdá. Kí n tó nu bọ́ọ̀dù tán, ìbéèrè ti délẹ̀: "Mà, ta ló wá borí, ṣé àwa ni àbí àwọn?"

"Àwa" yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ogun Dàhòmì ò dé Iléṣà rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń béèrè ti yan ẹgbẹ́ tirẹ̀ kó tó gbọ́ ìtàn, bí ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Mi ò kì í dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. N ó ní kó dìde, kó gba ṣọ́ọ̀kì, kó ya òkun sí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù, kó fi Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, sókè, kó fi Abomey tí í ṣe olú ìlú Dàhòmì sọ́wọ́ òsì. Kó wá sọ fún wa, ibo ni Ọ̀yọ́ máa gbà dé òkun?

Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi jù lọ nìyẹn: tí ìlú méjì tó múlé ti ara wọn bá ń gbógun ja ara wọn, kí n kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà. Tí mo bá ti rí ọ̀nà, kí n béèrè àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà náà. Ẹni tó borí, ìyẹn á fara rẹ̀ hàn tó bá yá, ó sì lè má ṣe pàtàkì tó bí a ṣe rò.

Igbó dídí ló bo ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá láti Ìjẹ̀bú wá sí Oǹdó títí dé Ìbíní. Ẹṣin ò lè rìn dáadáa níbẹ̀, ká má tíì sọ pé yóò jà. Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ̀ ọ́n. Láyé Aláàfin Ọbalókun, Ọ̀yọ́ rán ogun wá sínú igbó wa, àwọn Ìjẹ̀ṣà lúgọ dè wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n nípakúpa, nítorí ìjà inú igbó ò tíì mọ́ àwọn Ọ̀yọ́ lára. (Tí mo bá dé ibí yìí, kíláàsì á hó yèè. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n hó o tẹ́rùn kí n tó ní kí wọ́n jókòó.) Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, igbó yẹn á já. Ní apá Dàhòmì, ọ̀dàn ló sọ̀kalẹ̀ láti òkè títí ó fi sún mọ́ òkun. Ibẹ̀ ni ẹṣin Ọ̀yọ́ lè gbà, ibẹ̀ náà sì ni Dàhòmì jókòó sí.

Ohun tí gbogbo wọn ń wá lọ sétí òkun, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ẹrú ni wọ́n fẹ́ tà fún òyìnbó, kí wọ́n fi ra ìbọn, owó ẹyọ àti aṣọ. Agaja, ọba Dàhòmì, gba Allada lọ́dún 1724, ó sì gba Ouidah lọ́dún 1727. Báyìí ló ṣe di ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ọ̀yọ́ ò tiẹ̀ dúró dìgbà tó máa gba èkejì. Lọ́dún 1726 ni ẹṣin wọn kọ́kọ́ ya wọ Dàhòmì, wọ́n sì tún padà lọ léraléra títí di 1730.

Ọgbọ́n tí Agaja dá sí i ni mo fẹ́ràn láti máa sọ. Kò dúró kí wọ́n wá bá òun. Tó bá ti gbọ́ pé Ọ̀yọ́ ń bọ̀, yóò kó àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ wọgbó, yóò dáná sun Abomey fúnra rẹ̀. Ọ̀yọ́ á dé, wọn ò ní bá oúnjẹ, wọn ò ní bá ẹni tí wọ́n máa bá jà. Tí òjò bá ti ṣú, wọ́n á yí ẹṣin padà sílé, Agaja á jáde, á tún ìlú kọ́. Ọmọkùnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi nígbà kan pé kí ló dé tí Ọ̀yọ́ ò kàn dúró síbẹ̀ kí òjò fi rọ̀ tán. Kí n tó lanu, ọ̀kan nínú wọn láti Sábó, tí bàbá rẹ̀ ń ta màlúù, ti dá a lóhùn. Ó ní tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, eṣinṣin kì í jẹ́ kí ẹran gbádùn, pé àwọn a máa fi ewé tútù sínú iná lálẹ́ kí èéfín lè lé e, síbẹ̀ àwọn míì á ṣàìsàn, wọ́n á kú. Mo ní kó wá dúró níwájú kó ṣàlàyé fún gbogbo wọn. Eṣinṣin yẹn àti àìrí koríko jẹ ló gba Dàhòmì lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ ju ìbọn lọ.

Síbẹ̀ èèyàn ò lè máa sun ilé ara rẹ̀ lọ́dọọdún. Lọ́dún 1730, Agaja gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀, ó sì fi ọmọ rẹ̀ Tegbesu ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Ọ̀rọ̀ náà tún bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìjà tún ṣẹlẹ̀, àfìgbà tó di 1748 kó tó rọlẹ̀. Ta sì ni ọba Dàhòmì tó parí rẹ̀? Tegbesu kan náà ni, ọmọ tó ti gbé láàárín àwọn Ọ̀yọ́, tó mọ ilé wọn, tó mọ agbára wọn. Láti ìgbà náà, Dàhòmì ń sanwó lọ́dọọdún títí di bíi ọdún 1823, nígbà tí ìjà abẹ́lé àti ọ̀rọ̀ Ìlọrin ti sọ Ọ̀yọ́ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Gezo, ọba Dàhòmì nígbà náà, ló ní òun ò san mọ́. Ọ̀yọ́ rán ogun lọ, Gezo sì lé wọn padà.

Àwọn ọmọ a máa bínú sí Gezo níbi yìí. Mo máa ń bi wọ́n léèrè pé tó bá jẹ́ pé Iléṣà ló ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ìlú kan fún ọdún márùndínlọ́gọ́rin, orúkọ wo ni wọn ó pe ẹni tó bá dá a dúró. Wọ́n á dákẹ́, nítorí wọ́n mọ ibi tí mò ń lọ. Ère Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà tó dojú kọ Ìbàdàn, wà nínú ìlú, wọ́n ń rí i.

Ti Ẹ̀gbá ni mo máa ń lo ọjọ́ tó pọ̀ jù lé lórí. Ẹ̀gbá sá wá sábẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ olórí wọn, wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó. Ìlú tuntun, ọ̀tá yí i ká, wọ́n nílò ìbọn àti ẹ̀tù, Àgbádárìgì sì ni ọ̀nà tí wọ́n lè gbà rí i. Adó-Odò wà lójú ọ̀nà yẹn. Ohun tí Ẹ̀gbá ṣe sí Adó kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìtàn tí à ń sọ fún ọmọ: láti 1842 ni wọ́n ti dó ti ìlú náà, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtòsí ibẹ̀ ni Ẹ̀gbá ti kan ogun Gezo lọ́dún 1844. Wọ́n fọ́n ogun rẹ̀ ká, ọba fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gba agboòrùn rẹ̀ àti àga rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí agboòrùn jẹ́ fún ọba á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò ní tán síbẹ̀.

Kò tán lóòótọ́. Lọ́dún 1848 Dàhòmì run Òkè-Ọ̀dàn. Nígbà tó sì di ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, Gezo dé iwájú odi Abẹ́òkúta pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀gbá ti gbọ́. Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti lọ rí Gezo ní Abomey lọ́dún 1850, ó ti wá sí Abẹ́òkúta lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1851, ó mọ̀ pé ogun ń bọ̀. Àwọn míṣọ́nnárì bíi Townsend wà nínú ìlú, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n tún odi ṣe. Ìbọn àti ẹ̀tù wọlé. Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Ohun tí ìwé iléèwé máa ń fi gbólóhùn kan kọjá ni Ìṣágà.

Ìlú kékeré ni Ìṣágà, ó wà láàárín Dàhòmì àti Abẹ́òkúta. Ogun tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn gbọ́dọ̀ kàn án. Kí ni kí wọ́n ṣe? Wọn ò lè bá Gezo jà, wọn ò sì lè sá gba Abẹ́òkúta. Wọ́n túúbá, wọ́n bá Dàhòmì mulẹ̀, wọ́n sì fún un nímọ̀ràn: kó má lọ lóru, ọ̀sán gangan ni kó lọ nígbà tí Ẹ̀gbá bá ń sinmi, kó sì gba ẹnubodè Aró. Ẹnubodè Aró gan-an ni Ẹ̀gbá ti tún odi rẹ̀ ṣe dáadáa. Bí Gezo ṣe rìn wọ ojú ìbọn nìyẹn. Ìjà náà le, àwọn kan lára àwọn obìnrin Dàhòmì gun odi débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá bọ́ aṣọ lára òkú kan ni wọ́n tó rí i pé obìnrin ló ń bá wọn jà láti ọ̀sán, inú wọn sì ru. Gezo padà sílé, ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkú sílẹ̀.

Tí mo bá sọ ọ́ dé ibí, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́ fún Ìṣágà. N ó ní kí wọ́n dúró ná. Gezo kú lọ́dún 1858, ọmọ rẹ̀ Glele jọba. Dàhòmì ò gbàgbé ìmọ̀ràn yẹn. Lọ́dún 1862 Glele wá sí Ìṣágà, ó pa ìlú náà run, ó kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ogun Ìjàyè ló gba Ẹ̀gbá lọ́kàn. Odi tí Ìṣágà fi orí ara wọn dáàbò bò, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ò lè gbà wọ́n. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta 1864, Glele padà wá sẹ́nu odi Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá tún lé e. Ìlú ńlá yè nígbà méjèèjì. Ìlú kékeré tó wà lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kú.

Èmi ò rò pé ó yẹ ká pe Ìṣágà ní ọlọ̀tẹ̀, bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà kan. Ṣé ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń búra yẹn?

Lákòókò ìsinmi kan, èmi àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi díẹ̀ lọ sí Kétu. A gba Abẹ́òkúta, a kọjá sí Ìmẹ̀kọ, a dé Ìlárá tí ààlà gbà kọjá, ọ̀kadà ló sì gbé wa kọjá síwájú. Kí a tó kúrò níbẹ̀, okùn ni wọ́n fi dí ọ̀nà, ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ń sọ Yorùbá bí tiwa, àmọ́ ó fi Faransé béèrè ìwé wa. Mo fẹ́ fojú ara mi rí Akaba Ìdènà, ẹnubodè Kétu. Ẹnu ọ̀nà méjì ló tẹ̀ léra, àgbàlá wà láàárín wọn, yàrà wà níta. Ọ̀tá tó bá já ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, inú àgbàlá yẹn ló máa há sí. Mo fọwọ́ ra ara ògiri náà, mo ní inú mi pé báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe máa wọ ibí? Bàbá tó mú wa yíká rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹnubodè kì í jẹun. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ló ń jẹun."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Dàhòmì kọlu Kétu lọ́dún 1883, wọ́n pa Alákétu, wọ́n ṣe ìlú náà léṣe. Lọ́dún 1886 wọ́n padà wá, wọ́n dó tì í títí ebi fi wọlé, ẹ̀tàn ni wọ́n sì fi mú àwọn àgbààgbà tó jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n sun ìlú, wọ́n kó èèyàn lọ. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Behanzin, ọba Dàhòmì, láàárín ọdún 1892 sí 1894 ni àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wálé, tí wọ́n tún ìlú tẹ̀dó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, òyìnbó ti pín ilẹ̀ lórí wọn: lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ara Kétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Alákétu bọ́ sábẹ́ Faransé. Dàhòmì tó run ìlú wọn ló wá di orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń jẹ́, títí wọ́n fi yí i padà sí Benin lọ́dún 1975.

Irú ìyà yìí kì í tán sínú ìwé. Wọ́n ń mọ odi ilé kan ní àdúgbò wa, gbogbo ènìyàn ń pe àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì níbẹ̀ ní Àgànyìn. Mo kí ọ̀kan nínú wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bi í pé ṣé Kútọnu ló ti wá. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú korobá, ó yíjú sí mi.

"Mọ́mì, Kétu ni mo ti wá. Ilé-Ifẹ̀ tó wà níbẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni Alákétu ti kúrò. Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè wá ní Àgànyìn. Tí n bá dé Kútọnu, wọ́n á ní Nàgó ni mí, kí n máa lọ sí Nàìjíríà."

Mo bi í pé ṣé wọ́n ń sọ ìtàn ogun Dàhòmì fún wọn nílé. Ó ní ìyá ìyá òun a máa sọ ọ́, pé ìdílé àwọn wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ tó padà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jọ̀ọ́ bá òun bá onílé sọ̀rọ̀, owó ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò tíì dé ọwọ́ àwọn. Mo bá a sọ ọ́.

Ìbéèrè tó yí ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ni padà, ọmọbìnrin kan ló bi mí í, ogun Kírìjì tiwa la sì ń kà lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló wà nídìí òun náà. Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà lọ́dún 1870, wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí i, ajẹ́lẹ̀ ń fìyà jẹ ènìyàn, Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, dìde lọ́dún 1878. Nígbà náà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn láti 1877. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó sì ń gba ọ̀nà Oǹdó, gba Òkè-Igbó, kó ìbọn Snider wá fún Ògèdèǹgbé. Ìbàdàn pàgọ́ ní apá Ìgbájọ, àwa pàgọ́ ní apá Ìmẹ̀sí-Ilé, ìbọn ń dún kíríjì kíríjì. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án 1886, ó sì di 1893 kí àgọ́ tó tú.

Mo ka àdéhùn náà fún wọn. Ó wà níbẹ̀ pé Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lè kúrò. Ọmọbìnrin náà nawọ́ sókè. Ọmọ Ìgbájọ ni, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń gbé níbí. Ó ní, "Mà, ẹ ń sọ pé àwa pàgọ́, àwa jà, àwa borí. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kó ẹrù kúrò nílé bàbá wọn tí wọn ò bá fẹ́ Ìbàdàn, ṣé àwa náà ni?"

Kíláàsì dákẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ní ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ará Ìgbájọ ni wọ́n gba Ìbàdàn láyè, ọmọbìnrin náà yí padà sí i pé kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe, ṣé kí wọ́n fi ọwọ́ ti Ìbàdàn ni? Mo jẹ́ kí wọ́n jà á fún bíi ìdajì píríọ́dù. Ọ̀rọ̀ Ìṣágà ni wọ́n ń sọ, wọn ò mọ̀.

Mo sọ ọ́ fún bàbá ọkọ mi nígbà tí mo délé, torí wọ́n fẹ́ràn ìtàn Ògèdèǹgbé dé góńgó. Inú wọn ò dùn sí i. Wọ́n ní ẹni tó bá jà fún ọ, o ò gbọ́dọ̀ bi í léèrè ẹni tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Kò sí ohun tí ìyàwó ilé lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

WAEC ò ní béèrè Ìṣágà lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi, mo mọ̀. Ọdún àti orúkọ ọba ni wọ́n fẹ́, mo sì ń rí i dájú pé wọ́n há a sórí, nítorí àwọn òbí wọn ń san owó. Ìdánwò tèmi tó wà ní ìparí sáà lọ́tọ̀. Ìbéèrè kẹrin nínú rẹ̀ kì í yí padà: ìwọ ni baálẹ̀ ìlú kan láàárín Dàhòmì àti Abẹ́òkúta lọ́dún 1851, ogun ku ọjọ́ díẹ̀ kó dé, sọ ohun tí o máa ṣe àti ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ pé àwọn á jà. Àwọn tó ronú dáadáa a máa béèrè kọ́kọ́ pé oúnjẹ mélòó ló wà nílé, àti pé ta ni ọmọ àwọn tó wà nílùú ńlá. Ọ̀kan kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá pé òun á kó àwọn ènìyàn òun kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, kí àwọn ọba méjèèjì bá ara wọn pàdé ní pápá, kí wọ́n jà á tán láàárín ara wọn. Mo fún un ní gbogbo máàkì, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ibo lo máa kó wọn lọ?